Ọmọ Kan Tó Wà Nínú Àwòṣe

Ilẹ̀kùn ilé Ìyá Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Ìyùnadé ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, Ìremidé, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, tó fẹ́ fi síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ìyá Gbádébọ̀, aládùúgbò rẹ̀, na ìwé ìrìnnà sí ojú ilẹ̀kùn, bí òfin ṣe ní kí gbogbo ilé ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò kó kúrò nílùú, ilẹ̀kùn náà sì fi ohùn tútù rẹ̀ kà á jáde.

"Àgbàlagbà méjì. Ọmọ kan. Aago méjìlá ọ̀sán, ibùdókọ̀ rélùwéè. Ẹ kú ìrìnnà."

Ìyá Gbádébọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé, àwọn ọmọ ń sá kiri. Ọ̀kan ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì, òmíràn ń sunkún pé wọn kò jẹ́ kí òun gbé adìyẹ òun dání. Ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ju mẹ́ta lọ dáadáa. Mélòó gan-an? Ọmọlúàbí kì í béèrè bẹ́ẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọdún kejìlá rèé tí òkun ti wọ ìlú Etí-Omi, ó ti gbé ọjà lọ, ó ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lọ, àmọ́ èèwọ̀ yẹn kò rí gbé.

"Ìyá Ìremidé, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yín ń wí?" Obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kan! Ó kúkú mọ ìwà hù, kò kà wọ́n."

"Ṣé ẹ ò yí iye yẹn padà ni, mà?"

"Kí n yí kí ni padà? Kí n fi ọwọ́ ara mi ka àwọn ọmọ mi sínú ìwé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bí mo ṣe bá a nílẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Bí a bá dé ibùdókọ̀, ojú wọn ò fọ́, wọ́n á rí wa."

Ìyùnadé wo ìwé tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọmọ kan tí ilẹ̀kùn ń pè yẹn, ó mọ ẹni tí í ṣe. Ọmọ náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú yìí, tó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan omi tó ń rìn wá lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Iṣẹ́ àwòṣe ni Ìyùnadé ń ṣe. Òun ló ń ya ìwé tí a fi ń da ìwé yòókù kọ: ibi tí orúkọ yóò wà, bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àti àbánílẹ̀ inú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí onílé yóò bá níbẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ya àwòṣe ìwé ìrìnnà, ó fi ilé ara rẹ̀ dán an wò, bí aránṣọ ṣe máa ń fi aṣọ wọn ara rẹ̀. Bàbá Ìremidé ti bá omi lọ, nítorí náà ó kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan, ó kọ ọmọ kan, ó wò ó, ó dára. Ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ní: Fi èyí ṣe àbánílẹ̀.

Kò pa ọmọ kan yẹn rẹ́. Kì í ṣe pé ó gbàgbé lásán. Àpótí tó ń ka ọmọ kì í ṣe ohun tí obìnrin Etí-Omi ń tẹjú mọ́. Ojú rẹ̀ fò ó, gẹ́gẹ́ bí ojú gbogbo ìyá ìlú náà ṣe fò ó nígbà tí ìwé dé ọwọ́ wọn.

"Ìyá Ìremidé, kí ló dé? Ẹ̀ ń làágùn."

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹ bá mi mú un dání o. Mo fẹ́ tètè débi iṣẹ́."

Sísá ló sá lọ. Afárá onípákó tó so ilé mọ́ ilé ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń pàdé àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń gbé ẹrù jáde, wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́ ìlú, kò dáhùn. Ní ilé kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, ilẹ̀kùn ń kàwé. Àgbàlagbà méjì, ọmọ kan. Àgbàlagbà mẹ́ta, ọmọ kan. Àgbàlagbà kan, ọmọ kan. Níwájú ilé kan, ó rí àwọn ìbejì tí wọ́n jókòó lórí àpótí aṣọ kan náà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, ilẹ̀kùn wọn sì ń wí pé ọmọ kan. Ìyá wọn ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní í gbé mọ́.

Ẹnu ọ̀nà Ilé Àwòṣe ní gíláàsì tí òṣìṣẹ́ ń fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìrísí lẹ́tà tirẹ̀ ni yóò jáde lójú gíláàsì, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kò jọ ti ẹlòmíràn láyé. Lẹ́tà Ìyùnadé tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn orí rẹ̀ rí róbótó. Láti ara lẹ́tà yìí ni ẹ̀rọ ti ń mọ ènìyàn, òun náà ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Gíláàsì wò ó, ó gbà á wọlé.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìwé ìlú. Ẹgbẹ̀rin ìwé ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rin ìdílé tó ṣẹ́kù sí Etí-Omi, tí rélùwéè ìkẹyìn yóò kó lọ sí Òkè-Àgbà lónìí kí omi tó bo ojú irin. Ó bi ẹ̀rọ léèrè pé ìwé mélòó ni onílé ti yí iye ọmọ inú rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ dáhùn pé mọ́kànlá. Nígbà tó wo orúkọ wọn, àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n, tí wọn kò mọ àṣà ibí.

Ìdílé tó kù ń lọ síbi ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ kan lórí ìwé. Ẹnubodè ibùdókọ̀ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Nítorí èèwọ̀ yìí kan náà, òfin kò jẹ́ kí a kọ orúkọ ọmọ kékeré sínú ìwé. Iye ni ẹnubodè mọ̀. Yóò jẹ́ kí ọmọ kan kọjá, yóò sì pa irin dé mọ́ ìkejì lójú. Ìyùnadé dìde. Ó rò ó pé kí òun sáré jáde kí òun máa kígbe kiri, àmọ́ ìyẹn kò wúlò, nítorí wọ́n ti lu ìwé ní òǹtẹ̀ látàná, onílé kankan kò lè yí ohunkóhun padà mọ́.

Ó wá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá Ṣówándé, olórí Ilé Àwòṣe, jókòó ti fèrèsé, ó ń bó ẹ̀pà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Ìyùnadé ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ìyùnadé kúnlẹ̀, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìmí.

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣí òǹtẹ̀ náà ká lè tún un ṣe. Aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù ni, àyè ṣì wà."

Ọ̀gá fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. "Dìde, Ìyùnadé. Mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀, sà?"

"Ọjọ́ tí o gbé e wá ni mo ti rí i. Mo ní kí n pè ọ́. Mo wá rò ó wò." Ó nawọ́ ẹ̀pà sí i, kò gbà á. "Òkè-Àgbà ti kọ̀wé sí wa nígbà mẹ́ta. Wọ́n ní oúnjẹ tó wà lọ́dọ̀ wọn kò lè bọ́ gbogbo wa. Wọ́n ní ká dín iye kù. Ta ló máa wá bọ́ sí gbangba, tó máa sọ fún ìyá pé kó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé èmi ni? Ṣé ìwọ ni?"

"Àmọ́ a ti sọ fún wọn báyìí, sà. A fi ìwé sọ ọ́."

"A ò sọ nǹkan kan. Àpótí wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí iye yìí kò bá tọ́, ẹ yí i padà. Ó wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Pẹ̀lú lẹ́tà tín-ín-rín."

"Lẹ́tà ni lẹ́tà ń jẹ́. Ta ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú?" Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù ba Ìyùnadé jù. "Ọkọ̀ náà ní yàrá ogójì. Ìwé ló ń sọ iye tí ẹ̀rọ yóò so mọ́ra wọn. Pẹ̀lú bí ìwé ṣe rí yìí, mẹ́rìndínlógún ni yóò lọ. Mẹ́rìnlélógún yóò dúró síbí. Bó ṣe wà níyẹn."

"Ọ̀gá, ọmọ ni wọ́n."

"Ìwọ náà ní ọmọ. Ẹyọ kan, àbí? Ìwé tìrẹ pé." Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ. O mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fọwọ́ kan àwòṣe lẹ́yìn òǹtẹ̀. O mọ Fátóyìnbó."

Ó mọ̀ ọ́n. Tábìlì wọn kọjú síra ni. Nítorí àṣìṣe kékeré kan tó fẹ́ tún ṣe lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ̀rọ pa ìrísí lẹ́tà rẹ̀, ó di aláìlẹ́tà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bẹ ilẹ̀kùn pé kó ṣí, ilẹ̀kùn ń dáhùn pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ìyùnadé padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ro ti ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ní aago méjìlá òun àti Ìremidé yóò wọ ọkọ̀, ìwé wọn pé, ẹnikẹ́ni kò ní í bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó bá sì bi í léèrè lọ́jọ́ iwájú, yóò ní onílé ló kọ̀ tí kò yí i padà, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Bó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ni ara rẹ̀ kọ̀. Bó bá fọwọ́ kan àwòṣe, ìwé rẹ̀ yóò kú, Ìremidé sì wà lórí ìwé rẹ̀. Ṣé kí n wá fi ọmọ mi ra ọmọ ọlọ́mọ? Ó bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bínú sí àwọn ìyá ìlú náà, sí Ìyá Gbádébọ̀ pàápàá, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò lè fi ìka kan ṣoṣo yí nǹkan padà. Ìbínú náà kò pẹ́. Òun tó ya ìwé náà kò lè wo àpótí yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò wá bá wí?

Ní ìta, ó gbọ́ tí irin ń kan irin. Wọ́n ti ń so àwọn yàrá ọkọ̀ pọ̀. Ó ń kà á láìmọ̀ pé òun ń kà á. Ìró náà dúró ní mẹ́rìndínlógún.

Ó ṣí àwòṣe.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú pẹ̀lú lẹ́tà pupa: Wọ́n ti lu àwòṣe yìí ní òǹtẹ̀. Ìrísí lẹ́tà ẹni tó bá tún un ṣe yóò kú lónìí, kò sì ní í jí. Ṣé o gbà?

Ó gbà. Kò mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àpótí ọmọ ṣí, ọmọ kan náà wà nínú rẹ̀, ó ń dúró. Ìyùnadé fi agbára mú ojú ara rẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà ẹyọ kan péré ni àpótí náà ń gbà, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn ni mẹ́sàn-án. Ó kọ mẹ́sàn-án. Ó tẹ Fi èyí ṣe àbánílẹ̀. Gbogbo ìwé tí onílé kò bá fọwọ́ kàn, àwòṣe ló ṣì ń sọ̀rọ̀ láti inú wọn, nítorí náà wọ́n yí padà lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, títí ó fi dé orí orúkọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Èyí àkọ́kọ́ lọ, ìkejì lọ. Nígbà tí ó fi máa mí kanlẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlà funfun ló kù.

Ní ìta, irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin. Mẹ́tàdínlógún. Méjìdínlógún.

Ọ̀gá Ṣówándé sáré wọlé, ẹ̀pà sì ń bọ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó na ìka sí bọ́tìnnì tí yóò dá a padà sí ọmọ kan, lẹ́tà pupa sì bi òun náà léèrè pé ṣé o gbà? Ìka ọ̀gá dúró sókè. Lẹ́yìn náà, ó fà á padà, ó sì fi nu ẹnu rẹ̀.

"O ò láàánú ara rẹ," ló sọ. "Ìwọ àti ọmọ rẹ. Mo máa ránṣẹ́ sí ẹnubodè, òfin ni. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ aláìlẹ́tà wọkọ̀."

Ilẹ̀kùn kò ṣí fún Ìyùnadé mọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sí gíláàsì, gíláàsì mọ́ lóló bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kàn án. Ó di ìgbà tí akọ̀wé kan ń jáde kí ó tó rọ́nà tẹ̀lé e lẹ́yìn. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ó tún sáré.

Ó bá wọn lórí ìlà ní ibùdókọ̀, Ìyá Gbádébọ̀ àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, Ìremidé wà láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan ojú irin tó ga. Ọmọ náà fẹ́ sáré pàdé rẹ̀, Ìyùnadé sì fi ojú ní kó dúró. Ó fa obìnrin náà sẹ́yìn òpó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má ṣe pariwo. Ìwé mi ti kú. Mo fọwọ́ kan àwòṣe. Àyè ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé yín báyìí. Ẹ bá mi mú un lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Gbádébọ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ti ránṣẹ́ wá pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá bi yín, ọmọ yín ni. Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ìyá Ìremidé, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ni, mà. Ẹ bá mi pa á."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ó sì padà sórí ìlà. Ìyùnadé jáde sáàárín àwọn tó ń wòran létí odi. Ó rí i tí ẹnubodè ń ka ìwé. Àgbàlagbà méjì. Ọmọ mẹ́sàn-án. Irin gbéra sókè. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara, pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó nawọ́ dá wọn dúró, ó sì ń wo Ìremidé.

"Ìyá, ẹ dúró. Ọmọ yín ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Ọmọ mi ni wọ́n."

"Mélòó ni wọ́n?"

Ọkọ rẹ̀ la ẹnu láti bínú. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ìyá Gbádébọ̀ fọwọ́ bà á léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún." Ó dé orí Ìremidé, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ̀fà. Èyí ni àbíkẹ́yìn mi."

Ìgbà náà ni Ìremidé rí ìyá rẹ̀ létí odi.

"Màámi!"

Ẹ̀ṣọ́ yí orí láti wo ẹni tó ń pè. Gbogbo ara Ìyùnadé ló fẹ́ jẹ́ ìpè náà. Ó fi eyín rẹ̀ há ètè títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Èmi rèé, ọmọ mi," ni Ìyá Gbádébọ̀ dáhùn, ó sì gbé e pọ̀n lọ́gán. "Èmi rèé. Jẹ́ ká máa lọ."

"Màámi!" Ọmọ náà tún pè é láti ẹ̀yìn obìnrin náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ ṣì ń wò. Ìyùnadé yí ojú sí òkun, ó ń wo omi bí ẹni tí kò bímọ rí.